Ráàkì Tí Kò Ní Kọ́kọ́rọ́

Bàtà obìnrin náà ni Sherif kọ́kọ́ rí, nítorí abẹ́ mọ́tò rẹ̀ ni Sherif wà. Bàtà dúdú pẹlẹbẹ ni, eruku Ìyànà Ìbà ti bò ó. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn.

"Ẹ̀yin bọ̀dá yìí, ráàkì tí wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ sẹ́yìn mọ́tò ni mo ní mo fẹ́ rà. Mi ò ní kẹ́ ẹ bá mi tún mọ́tò ṣe o."

"Mo gbọ́, àǹtí mi. Ẹ ṣáà má tíì ṣíná."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló fa Sherif jáde lábẹ́ mọ́tò, tòun ti gíríìsì níwájú orí.

Ìwà rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ó ti ń ta kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ àti ẹ̀yà ara mọ́tò létí títì láti bí ọdún mọ́kànlá. Kò ta ohun tí wọ́n máa gbé kọ́ mọ́tò fún ẹnikẹ́ni rí láìkọ́kọ́ wọ abẹ́ mọ́tò náà lọ wò ó. Àwọn tí wọ́n jọ ń tajà fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sọ ọ́ ní Alábẹ́-mọ́tò. Oníbàárà tí ojú ń kán a máa bínú lọ. Kò kà á sí.

"Kẹ̀kẹ́ mélòó lẹ fẹ́ máa gbé?" ó bi í.

"Méjì. Ti dádì mi àti ti àbúrò mi."

Fọláyẹmí lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìkéré-Èkìtì, olùkọ́ ní fásitì. Ìyá rẹ̀ kú lọ́dún tó ṣáájú. Láti ìgbà náà ni ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń dààmú bàbá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Adéṣínà, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Dókítà ní kó máa ṣe eré ìdárayá. Bàbá ní eré ìdárayá kan ṣoṣo tóun mọ̀ ni kẹ̀kẹ́ ológeere tóun ń gùn nígbà tóun wà lọ́dọ̀ọ́ ní Ìkéré. Ṣùgbọ́n ta ló máa gun kẹ̀kẹ́ láàárín tírélà àti ọ̀kadà lójú títì Badagry? Àfi ẹni tí ayé bá ti sú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ máa gbé kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn mọ́tò láràárọ̀ Sátidé, kí bàbá àti Lékan, àbúrò Fọláyẹmí, lè máa gùn ún nínú ọgbà fásitì, níbi tí igi wà tí mọ́tò ò sì pọ̀.

Sherif fi oríṣi mẹ́ta hàn án. Ó ní èyí tí wọ́n ń fi bẹ́líìtì so mọ́ bọ́ọ̀tì máa ń ha ọ̀dà mọ́tò. Èyí tí wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ sí lápá ń jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ máa mì, kó máa lu ara wọn. Ẹ̀kẹta ló dáa jù. Ó máa ń jókòó sórí tóòbà, irin olórí roboto tó ń wà lẹ́yìn mọ́tò láti fi fa nǹkan. Kẹ̀kẹ́ á dúró lórí rẹ̀ ṣinṣin, wọ́n á sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í pa.

"Ìyẹn ni kẹ́ ẹ fún mi."

"Mi ò lè tà á fún yín, àǹtí."

"Èéṣe? Ṣé mi ò jọ ẹni tó lè rà á ni?"

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tóòbà tó wà lẹ́yìn mọ́tò yín ni ò dáa. Ara mọ́tò mìíràn ni ẹnì kan ti gé e, tí wẹ́dà wá jó o mọ́ irin bọ́ńpà. Bọ́ńpà kọ́ ló yẹ kó dì í mú, ṣáásí ni, irin ńlá abẹ́ mọ́tò. Bí ẹ bá gbé kẹ̀kẹ́ méjì lé e, tẹ́ ẹ sì kó sí kòtò méjì mẹ́ta ní Okokomaiko, ó máa já. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níwájú lẹ máa mọ̀ kẹ́yìn."

"Ẹ sì mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀lé tiyín máa tà á fún mi?"

"Mo mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á níbẹ̀."

Fọláyẹmí wò ó títí. Ó fún un ní nọ́mbà fóònù rẹ̀, ó ní kó pe òun bó bá rí irin tó dáa.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Sherif fi wá tóòbà tó bá mọ́tò Sienna Fọláyẹmí mu láàárín òkìtì irin ní Alaba. Nígbà tó rí i, inú rẹ̀ dùn ju bí inú ọlọ́jà ṣe ń dùn lọ, òun náà sì mọ ìdí rẹ̀. Ó pè é. Fọláyẹmí wá tòun ti Lékan, ọmọ ọdún méjìlélógún, géńdé gíga kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Lékan dùbúlẹ̀ tòun taṣọ funfun lọ́rùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ Sherif lábẹ́ mọ́tò, ó ń wò ó bó ṣe ń fi bóòtù mẹ́fà de irin náà mọ́ ṣáásí.

"Bọ̀dá Sherif, báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé ráàkì ti jókòó dáadáa?"

"Wàá gbọ́ 'kà'. Tó ò bá tíì gbọ́ 'kà', má gbéra."

"Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé obìnrin ti gbà fún èèyàn?"

"Ìyẹn kì í dún."

"Mo ń gbọ́ yín o," Fọláyẹmí wí lókè.

Bí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn. Kò pẹ́ tí Fọláyẹmí fi ń yà ní ṣọ́ọ̀bù bó bá ti kúrò ní kíláàsì. Á jókòó sórí àpótí, á bó ẹ̀pà, á máa fi í sí Sherif lẹ́nu nítorí pé ọwọ́ tiẹ̀ kún fún gíríìsì.

"Kí ló dé tí o kò tà á fún mi lọ́jọ́ yẹn?" ó bi í nígbà kan.

"Tí mo bá tà á, tó wá já, ojú wo ni màá fi wò ọ́?"

"O kò tíì mọ̀ mí nígbà yẹn."

"Mo ti rí bàtà rẹ, Yẹmí mi."

"Ìwọ lọkùnrin àkọ́kọ́ tó kọ owó mi torí kí n má baà kú," Fọláyẹmí wí. Kò rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ."

Sherif ò gbowó tóòbà, ó sì gbé ráàkì náà fún Ọ̀gbẹ́ni Adéṣínà lọ́jọ́ tí bàbá pé ọdún méjìdínláàádọ́rin. Bàbá dúpẹ́, ó ṣàdúrà fún un. Bẹ́ẹ̀ ni tòkunbọ̀ ṣe ń rí, kọ́kọ́rọ́ kan péré ló bá ráàkì yẹn wá láti ìlú òyìnbó, kò ní èkejì. Lékan ni wọ́n fi ṣọ́ kọ́kọ́rọ́ náà. Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, kò sí Sátidé tí bàbá àti ọmọ ò jáde. Ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá lọ sílẹ̀.

Ìgbà tí Sherif wá tọrọ Fọláyẹmí fún aya ni ọ̀rọ̀ yí padà.

"Mo rò pé ọlọ́jà tó lójú àánú ni ọ́," Ọ̀gbẹ́ni Adéṣínà wí. "Mi ò mọ̀ pé ọmọ mi lò ń fi irin rà. Ọmọ mi kàwé dé góńgó, irin tí òyìnbó jù nù nìwọ ń tà. Ìyẹn gan-an kọ́ ló burú jù. Ìyá ìjọ ni ìyá rẹ̀. Kò tíì pé ọdún méjì tó wọlẹ̀, kí n wá fa ọmọ rẹ̀ lé Mùsùlùmí lọ́wọ́?"

Nílé tiwọn ní Ajangbadi náà, ìyá Sherif, Àlhájà Àníkẹ́, ò gbọ́ ọ sétí. "Wọ́n fojú tín-ín-rín wò ọ́, o ṣì ń rẹ́rìn-ín padà sí wọn. Ṣé ọmọ obìnrin tán nílé wa ni?"

"Fún dádì lákòókò," Fọláyẹmí bẹ̀ ẹ́. "Wọ́n á rọ̀. Sùúrù nìkan ni kó o bá mi ní, ọkọ mi."

Sherif ní òun á ní in. Ẹnu ni sùúrù dùn sọ.

Fọláyẹmí rin ìrìn àjò iṣẹ́ lọ sí Adó-Èkìtì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìgbà tí kò sí nílé ni Lékan wa bàbá rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Lọ́dọ̀ wọn, ẹrù ọkùnrin tí wọ́n bá kọ̀ kì í gbélé. Bàbá ò sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Ó yí gíláàsì wálẹ̀.

"A kì í jẹ ẹrù ẹni tí a kò ní fún lọ́mọ," ó wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sókè tí gbogbo ọlọ́jà fi gbọ́. "Tú gbogbo ohun tó jẹ́ tìrẹ kúrò lára mọ́tò mi."

"Dádì, ráàkì nìkan kẹ́ ẹ dá padà. Tóòbà yẹn..."

"Gbogbo rẹ̀ ni mo wí."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín ní ṣọ́ọ̀bù kejì. "Alábẹ́-mọ́tò, wọlé lọ," onítọ̀hún wí.

Sherif tẹ́ páálí, ó wọlé lọ. Ó tú bóòtù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà níkọ̀ọ̀kan. Ojú tì í. Lékan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bọ̀dá Sherif, ẹ má bínú."

"Kọ́kọ́rọ́ ráàkì dà?"

"Ó ti sọnù," Lékan wí, kò wojú rẹ̀. "Dádì ti ra ráàkì mìíràn. Wẹ́dà ló máa bá wọn jó irin àtijọ́ yẹn tó ṣì wà nílé wa padà. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ṣé ó lè gbé kẹ̀kẹ́ méjì?"

Èsì wà lẹ́nu Sherif. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni: kò lè gbé e. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe bẹ obìnrin tí kò mọ̀ rí pé kó má rà á, ẹ ó ní kò sí ohun tó lè dí i lẹ́nu. Ìbínú dí i lẹ́nu. Ó ń gbọ́ ẹ̀rín ọlọ́jà kejì, ó ń wo táyà mọ́tò bàbá tó tẹ́ ẹ lójú gbogbo ayé.

"Bi dádì yín," ó wí.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́.

Ó fẹ́ pe Lékan nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Kò pè é. Lọ́jọ́ kejì, fóònù dún, Fọláyẹmí ni, Sherif wò ó títí ó fi dákẹ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kí wọ́n kọ́kọ́ wá bẹ òun ná. Fọláyẹmí pè lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́jọ́bọ̀, kò gbé e. Lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó mú fóònù jáde, ó wá nọ́mbà Lékan, ó tún dá fóònù padà sápò. Ó ní tó bá di ọ̀la, òun á pè é.

Láàárọ̀ Sátidé, nǹkan bí aago mẹ́jọ, ọlọ́kadà kan tó wá fẹ́ atẹ́gùn sí táyà sọ pé kẹ̀kẹ́ já bọ́ lẹ́yìn Sienna kan ní Okokomaiko. Sherif ò dúró gbọ́ ìyókù. Ó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ní ṣíṣí, ó gun ọ̀kadà yẹn gan-an lọ.

Nígbà tí irin já, kò sí ẹni tó ṣèṣe. Kẹ̀kẹ́ méjèèjì ló dà sójú títì. Lékan gúnlẹ̀, ó sáré padà lọ kó wọn kúrò lọ́nà, kí ọlọ́kadà má baà ṣubú lé wọn. Ó ti wọ́ ti bàbá rẹ̀ kúrò. Ìgbà tó padà lọ mú tiẹ̀ ni tírélà kan tí bíréèkì rẹ̀ ti já gbá a.

Wọ́n ti fi aṣọ bò ó kí Sherif tó dé. Ọ̀gbẹ́ni Adéṣínà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín títì, ó gbá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mọ́ra, táyà rẹ̀ ṣì ń yí díẹ̀díẹ̀ bó bá mí. Irin tóòbà wà nílẹ̀, ojú ibi tí wẹ́dà ti jó o ń dán. Sherif mọ irin náà. Ó ti fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ohùn Fọláyẹmí.

Wọ́n sin Lékan lọ́jọ́ kejì. Bàbá kì í mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí, nítorí náà àwọn ẹlòmíràn ló lọ. Sherif wà lára àwọn tó gbé pósí. Àlhájà Àníkẹ́ fúnra rẹ̀ wá kí wọn, ó sunkún débi pé wọ́n ní láti dì í mú. Fọláyẹmí, tó ti sáré dé láti Adó, gbé orí lé èjìká Sherif, kò bi í pé kí ló dé tí kò gbé fóònù. Ìbá ṣe pé ó bi í, bóyá ì bá sọ ọ́ lọ́jọ́ náà.

Oṣù márùn-ún kọjá. Bàbá ò lo oògùn dáadáa mọ́. Á jókòó sí pálọ̀, á máa bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìsìn, ó ránṣẹ́ pe Sherif.

"Lọ́jọ́ tí Fọláyẹmí kọ́kọ́ pàdé rẹ," ó wí, "ó délé sọ fún mi pé o ní irin yẹn ò dáa. Mo ní ọgbọ́n ọlọ́jà ni. Mo tún fi ìgbéraga dá ẹrù rẹ padà. Èmi ni mo pa ọmọ mi, Sherif. Èmi nìkan. Mi ò fẹ́ pa ọ̀kan tó kù. Mú un. Mú àwọn èèyàn rẹ wá, ká mọ ara wa. Ṣọ́ọ̀ṣì ni o, mọ́ṣáláṣí ni o, mi ò ní í bá yín jà mọ́."

Fọláyẹmí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Sherif, ó fi ọwọ́ rẹ̀ sínú tiẹ̀. Láti oṣù márùn-ún, ọjọ́ náà ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ fúyẹ́. Kí Sherif dọ̀bálẹ̀ kó dúpẹ́ ló kù.

Ó dọ̀bálẹ̀. Kò dìde.

"Dádì, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan."

"Kí lo wí?"

"Lékan bi mí. Lọ́jọ́ tí mò ń tú bóòtù, ó bi mí bóyá irin àtijọ́ yẹn lè gbé kẹ̀kẹ́ méjì. Mo mọ̀ pé kò lè gbé e."

Bàbá tẹ̀ síwájú lórí àga.

"Kí lo sọ fún un?"

"Mo ní kó bi yín."

Bàbá fọwọ́ bojú. "Kò bi mí," ó wí. "Ó mọ̀ pé bó bá dárúkọ rẹ, ìbínú ni màá fi dá a lóhùn. Ọmọ mi ò bi mí." Ó wá bú sẹ́kún, ẹkún tí kò tíì sun láti ọjọ́ tí nǹkan náà ti ṣẹlẹ̀. Ó gbọ́wọ́ lé Sherif lórí níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí, ó ń sọ pé, "Dìde, dìde," ṣùgbọ́n òun gan-an ni ò lè dìde.

Fọláyẹmí ti jáde. Ẹ̀gbẹ́ Sienna ni Sherif bá a, ó fẹ̀yìn tì í.

"O lè má sọ ọ́ láéláé," Fọláyẹmí wí.

"Mo mọ̀."

"Kò sí ẹni tí ì bá mọ̀."

"Dádì ń dá nìkan gbé e, Yẹmí. Ó ń pa wọ́n."

"Mo mọ̀. Ọkùnrin tó sọ òótọ́ yẹn ni mo fẹ́ fẹ́." Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. "Ṣùgbọ́n òun náà ló wo àbúrò mi lójú tó ní kó lọ bi dádì. Tí mo bá bí ọmọ fún ọ, tí ọmọ náà bá bi ọ́ ní nǹkan nígbà tí inú ń bí ọ, ńkọ́?"

Sherif nawọ́ sí i, Fọláyẹmí sì yẹra.

"Mi ò kórìíra rẹ," ó wí. "Ká ní mo kórìíra rẹ ni, ì bá sàn."

Lọ́sẹ̀ kejì, Fọláyẹmí wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé àpò kan lọ́wọ́. Gbogbo ohun tí Sherif fún un rí ló wà nínú rẹ̀: aṣọ òfì Ìsẹ́yìn, agogo ọwọ́, bàtà dúdú pẹlẹbẹ tí Sherif rà láti fi rọ́pò èyí tí eruku bà jẹ́. Ó gbé e sórí àpótí tó máa ń jókòó lé tẹ́lẹ̀. Kò jókòó.

"Ohun kan ò sí níbẹ̀," ó wí.

"Kí ni?"

"Kọ́kọ́rọ́ ráàkì yẹn. Kò sọnù. Ó wà nínú ìdì kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n yọ nínú àpò Lékan lọ́jọ́ yẹn. Ó lẹ bébà mọ́ ọn, ó kọ ọ́ sí i pé 'ti ọkọ Àǹtí Yẹmí.' Ó mọ̀ pé ìwọ àti dádì máa parí ìjà ni, ó fẹ́ kó wà nílẹ̀." Ó nu ojú. "Mo mọ̀ pé a kì í mú ẹrù ẹni tí a kò fẹ́ sọ́wọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè fún ọ. Fi í sílẹ̀ fún mi."

"Mo fi í sílẹ̀," Sherif wí.

"Ó dàbọ̀, Sherif mi."

"Ó dàbọ̀, Yẹmí."

Sherif dúró títí aṣọ Fọláyẹmí fi wọ àárín èrò tó ń lọ sọ́nà Ọ̀jọ́.

Ráàkì náà ṣì wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù dòní. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn tún dé, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọláńrewájú gúnlẹ̀ níbẹ̀, ìyàwó àti ọmọ méjì wà nínú mọ́tò rẹ̀. Ó nàka sí ògiri.

"Èló nìyẹn? Òun ló lẹ́wà jù."

"Kò ṣeé tà, ọ̀gá. Kò ní kọ́kọ́rọ́."

"Ẹ jẹ́ ká gbé e fún àwọn tó ń gbẹ́ kọ́kọ́rọ́. Wọ́n á gbẹ́ òmíràn."

"Rárá, sà," Sherif wí. Ó mú páálí, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn mọ́tò ọkùnrin náà. "Ẹ sọ fún màdáámú kí wọ́n má ṣíná o. Mò ń bọ̀."